Nígbà tí Nǹkan Oṣù Ń Kásẹ̀ Nílẹ̀, tí Èjìká sì Gan

Kọ́mú ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe èjìká mi òsì. Mo dá ọwọ́ sẹ́yìn láti kọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà ọmọge. Ọwọ́ dé ìbàdí, kò kọjá ibẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ní kí n gbé e gòkè díẹ̀ sí i, ìrora kan ta láti èjìká wá sí ìgúnpá, ni mo bá jókòó sí etí ibùsùn títí ó fi rọlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn nǹkan mìíràn fi tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kò dé ìpàkọ́ mọ́ tí mo bá fẹ́ ya irun. Mi ò lè fa bẹ́líìtì ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Abọ́ tó wà lórí pẹpẹ òkè di ohun tí mò ń pe ọmọ láti wá bá mi gbé.

Àsìkò yẹn náà ni nǹkan oṣù mi ń ṣe ségesège. Ó lè má wá fún oṣù méjì, kó tún wá wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ooru á ṣàdédé bò mí láti àyà dé ojú, òógùn á bo gbogbo ọrùn, kò ní pẹ́ tí òtútù á tún mú mi. Mo sọ ti ooru fún dókítà kan, mo sọ ti èjìká fún òmíràn. Ẹni àkọ́kọ́ kò béèrè èjìká, ẹni kejì kò béèrè nǹkan oṣù. Ẹni kejì ní bóyá mo fi apá sùn ni, pé ọjọ́ orí náà sì ti ń dé.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí lọ́kàn gan-an nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ara kan náà ló ni ooru yẹn, òun náà ló ni èjìká. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí obìnrin tó wà láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún bá sọ pé èjìká òun ń gan, tí kò ṣubú, tí kò fi nǹkan gbá a, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń ṣe, bó ṣe ń sùn lóru, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí látòkè délẹ̀. Kí wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lé e padà sílé kò tó.

Obìnrin kan tó jẹ́ físíò, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú oríkèé àti iṣan, ló kọ́kọ́ dá orúkọ àìsàn náà fún mi: frozen shoulder, èjìká tó dì, tó gan. Kò yára sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ní kí n fúnra mi gbé apá sókè. Ó dúró ní ìwọ̀n èjìká. Ó wá ní, “Ẹ dẹ apá yín sílẹ̀ pátápátá, mà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo ń gbé e.” Ó gbé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì dúró ní ibi kan náà gan-an, ó le gbagidi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ìgúnpá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, kí n ká wọn, kí n wá yí ọwọ́ síta. Ti ọ̀tún yí dáadáa. Ti òsì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ó ní yíyí síta yẹn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ iṣan ló ya, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn lè bá mi gbé apá kọjá ibi tí agbára èmi fúnra mi mọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àtèmi àtẹni tó ń gbé e, ibì kan náà la ti ń dúró, oríkèé fúnra rẹ̀ ló ti fún. Ẹ́síréè tí wọ́n yà fún mi kò fi nǹkan kan hàn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n ń yà á kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn, bí egungun tó jẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ́síréè yín mọ́ tónítóní, ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni ìrora yín.

Àpò kan ló yí oríkèé èjìká ká. Nínú èjìká tó dá ṣáṣá, àpò náà rọ̀, ó sì láàyè, ìyẹn ló jẹ́ kí apá lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún ju gbogbo oríkèé yòókù lọ. Ó lè gba omi tó 20 sí 30 mílílítà. Nígbà tí àìsàn yìí bá dé, àpò náà á kọ́kọ́ wú, á máa gbóná, lẹ́yìn náà á nípọn, á sì sún kì bí ẹ̀wù tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀, débi pé ó lè má gbà ju 5 sí 10 mílílítà mọ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Boston, Ernest Amory Codman, ló fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, ní ọdún 1934. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn náà ṣòro láti ṣàpèjúwe, ó ṣòro láti wò, ó sì ṣòro láti ṣàlàyé. Nígbà tí mo kà á, ó tù mí nínú. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo èjìká ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ní 1945, Julius Neviaser ṣàlàyé pé àpò yẹn gan-an ló ń nípọn tó sì ń fún mọ́ egungun.

Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, wọ́n ní ó máa ń mú bí méjì sí márùn-ún. Ogójì sí ọgọ́ta ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó máa ń mú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ju àwọn yòókù lọ dáadáa, tiwọn a sì máa pẹ́ kó tó lọ. Àwọn tí tàírọ́ọ̀dù wọn, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń tú họ́mọ̀nù jáde, kò ṣiṣẹ́ déédéé náà wà lára àwọn tó ń mú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo obìnrin tó bá bi mí pé kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti tàírọ́ọ̀dù wò. Èjìká lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí ènìyàn á rí.

Nǹkan oṣù wá ńkọ́? Estrogen, họ́mọ̀nù tó ń lọ sílẹ̀ ní àsìkò yìí, kì í ṣe ti ilé ọmọ nìkan. Egungun, iṣan, ẹran ara àti oríkèé ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó ń bá wa pẹ̀rọ̀ sí wíwú àti gbígbóná inú ara. Nígbà tó bá ń lọ, oríkèé púpọ̀ ló ń ké. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní ìrora oríkèé tàbí iṣan ní àsìkò yìí. Ní ọdún 2024 ni Vonda Wright, dókítà egungun ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá orúkọ kan tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí àwọn dókítà lè máa wò ó gẹ́gẹ́ bí nǹkan kan ṣoṣo. Ní ti èjìká gan-an, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke wo àkọsílẹ̀ ìlera àwọn obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, ọmọ ọdún 45 sí 60, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Nínú àwọn tí kò lo ìtọ́jú họ́mọ̀nù, ìyẹn oògùn tó ń dá estrogen padà sí ara, ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún ni èjìká wọn gan; nínú àwọn tó lò ó, ìdá 3.95 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tíì tóbi tó láti fi ṣe ẹ̀rí, torí pé àwọn tó ń lo họ́mọ̀nù láàárín wọn kò pọ̀. Nítorí náà, èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé họ́mọ̀nù ló ń wo èjìká gígan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ooru àti àìsùn ti ń dà láàmú lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ nítorí ìyẹn nìkan, bí kò bá ní ìtàn jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan. Oorun tó bá dára sí i, èjìká náà á jẹ nínú rẹ̀.

Òru ni ọ̀rọ̀ yìí le jù. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí pé àwọn tí kò ṣe rí rò pé ìrora ọ̀sán ni à ń sọ. Lọ́sàn-án, ènìyàn mọ bó ṣe máa fi apá pamọ́. Lóru, ènìyàn kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Mo bá sùn lọ tán, ara á yí, èjìká òsì á bọ́ sábẹ́ mi, ìrora á sì jí mi bí ẹni pé wọ́n pè mí lórúkọ. Mo bá tún fi ẹ̀yìn lélẹ̀, apá á ṣubú sẹ́yìn, á tún fà. Bó bá wá jẹ́ pé èjìká gbà mí láàyè, ooru á dé, màá ká aṣọ kúrò lára, màá na ọwọ́ òsì láìrònú láti fa fèrèsé, ìrora á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní lè sọ èwo ló jí mi nínú méjèèjì. Ẹni tí kò sùn, ìrora á máa pọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìrora, kò ní lè sùn. Ẹkún ń gbọ̀n mí nígbà mìíràn lórí ohun tí kò tó nǹkan, mo sì bínú sí àwọn ará ilé tí kò ṣẹ̀ mí.

Ìrọ̀rí ló kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́. Tí mo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan á wà lábẹ́ apá òsì láti èjìká dé ìgúnpá, kí apá má baà rì sẹ́yìn. Tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, màá gbá ìrọ̀rí ńlá mọ́ àyà, màá gbé apá òsì lé e lórí, kó má ṣubú síwájú. Òmíràn á wà lẹ́yìn mi tí kò ní jẹ́ kí n yí. Aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, torí pé tí ooru bá dé, ọwọ́ tó dá lè ṣí ọ̀kan kúrò láìfa èkejì. Oògùn ìrora tí dókítà bá fọwọ́ sí, ẹ lò ó kí ẹ tó sùn, kí ó tó di pé ìrora gbilẹ̀. Àwọn oògùn bí ibuprofen kò dára fún gbogbo ènìyàn o: ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó béèrè ná.

Tí ẹ bá ń wọ aṣọ, apá tó ń dùn ni ẹ kọ́kọ́ kì bọ ọwọ́ ẹ̀wù. Tí ẹ bá ń bọ́ ọ, òun ló máa kẹ́yìn. Kọ́mú tó ń kọ́ níwájú wà. Bí kò bá sí, ẹ kọ́ ọ níwájú kí ẹ tó yí i sẹ́yìn. Ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ kó o sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìwọ̀n àyà. Bí nǹkan bá sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó bọ́! Ọwọ́ tó bá sáré nà láti gbá nǹkan mú lójijì ló ń fa ìrora tó burú jù.

Wọ́n máa ń pín àìsàn náà sí ìpele mẹ́ta, ó sì ṣe pàtàkì kí ènìyàn mọ èyí tó wà, torí pé ohun tó dára fún ọ̀kan lè pa òmíràn lára. Ní ìpele àkọ́kọ́, ìrora ló ń ṣọ̀gá, apá sì ń gan lọ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè tó oṣù mẹ́sàn-án. Ní ìkejì, ìrora á rọlẹ̀, gígan á wá dúró gbọin. Oṣù mẹ́rin sí oṣù méjìlá. Ní ìkẹta, oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì. Tí ènìyàn bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ọdún kan sí mẹ́ta ni, ó sì máa ń ku gígan díẹ̀ sí ara àwọn kan lẹ́yìn náà. Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ ọ. Síbẹ̀, mímọ̀ yẹn ṣe mí lóore. Mi ò jí láràárọ̀ mọ́ láti wá wò ó bóyá ó ti lọ.

Ní ìpele ìrora, ẹni tó bá ń fi ipá na èjìká ń dá iná sí i ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ohun tí físíò mi fún mi nígbà yẹn kéré púpọ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ síwájú, màá fi ọwọ́ ọ̀tún di tábìlì mú, màá jẹ́ kí ọwọ́ òsì so kọ́ sílẹ̀, màá sì máa mi ara jẹ́jẹ́ kí ọwọ́ náà máa ṣe róbótó kékeré fúnra rẹ̀. Èjìká kò ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìwúwo apá ló ń ṣe é. Kò gbà mí láàyè láti so apá kọ́ ọrùn, torí pé apá tí a kò lò rárá á túbọ̀ gan. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀ ni ó wá fi kún un: kí n máa fi ìka rìn gun ògiri, kí n di ọ̀pá mú ní ọwọ́ méjèèjì, ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ ọ̀tún máa ti òsì síta. Ó ní kí n fi omi gbígbóná wẹ̀ tàbí kí n fi ohun tó gbóná sí èjìká kí n tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tó fún mi ni pé fífà kò burú, ṣùgbọ́n bí ìrora bá ṣì ń jó mi lẹ́yìn tí mo ti parí tipẹ́, mo ti ṣe é jù, kí n dín in kù lọ́jọ́ kejì.

Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì náà wà, oògùn tó ń dín wíwú àti gbígbóná kù, tí wọ́n ń gún sínú oríkèé. Ìpele ìrora ló ti wúlò jù, ó sì máa ń dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tàbí oṣù díẹ̀, tí ènìyàn á fi lè sùn, tí yóò fi lè ṣe eré ìmárale tí wọ́n fún un. Mo gbà á, inú mi sì dùn pé mo gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, torí ó máa ń gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ibòmíràn máa ń fi omi iyọ̀ fẹ àpò náà láti inú. Ti iṣẹ́ abẹ, mi ò sún mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ kì í sì í nílò rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní United Kingdom, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní 2020, fi ọ̀nà mẹ́ta wéra lára 503 ènìyàn: físíò pẹ̀lú abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi oògùn kun ènìyàn lóorun kí wọ́n sì yí apá rẹ̀, àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpò náà. Nígbà tí ọdún kan pé, kò sí èyí tó ta àwọn yòókù yọ lọ́nà tó hàn gbangba. Èmi rí i pé ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀bẹ kan òun.

Kí n tó gbàgbé: kì í ṣe gbogbo ìrora èjìká ni èyí o. Bí ó bá bá àyà dídùn tàbí èémí tó ń há wá, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Bí èjìká bá pọ́n, tó wú, tí ibà sì wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ bá ṣubú lu ú, ẹ má fi ṣe ti pé ẹ̀ ń dúró de ìpele kan.

Ọ̀rọ̀ tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yìí síta láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi, ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ṣe ní apá tí wọ́n ń fi pamọ́. Ọ̀kan ti ń gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ torí kò lè dì í mọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òmíràn rò pé òun ya ọ̀lẹ ni. A ti kọ́ wa láti máa mú nǹkan mọ́ra, débi pé a kì í bèèrè ìrànlọ́wọ́ àfi tí apá bá kọ̀ pátápátá. Nínú ilé tèmi, ó di ìjókòó: mo sọ fún ọkọ mi àti àwọn ọmọ ohun tí apá mi lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, mo sì sọ ti ooru àti ti inú mi tó ń tètè gbóná. Ọkọ mi ní òun ti rò pé mò ń bínú sí òun ni, torí pé mo ń yẹra tí òun bá fọwọ́ kan èjìká mi.

Èjìká mi ti ń tú báyìí. Ọwọ́ ti dé ìpàkọ́. Yíyí síta ló ṣì kù díẹ̀, mo sì ń bá ọ̀pá mi lọ. Èyí tó bá ti gan tó sì lọ kì í sábà padà sí èjìká kan náà, ṣùgbọ́n ó lè mú èkejì lára àwọn ènìyàn kan láàárín ọdún mélòó kan, nítorí náà mo ń ṣọ́ ti ọ̀tún.

Àbúrò mi obìnrin pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èjìká ọ̀tún mi ń ta mí lóru, wọ́n ní atẹ́gùn ló fẹ́ sí i.” Mo bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè yí síta. Mo bi í ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, mo bi í bí ó bá ń làágùn lóru, mo sì bi í ìgbà tí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kẹ́yìn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó bi òun ní ìkankan nínú rẹ̀. A jọ kọ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, kó lè kà á fún dókítà láìgbàgbé ọ̀kan. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún un, mo sì ti sọ fún un pé màá tẹ̀ lé e lọ.